Ilé Ọtí Àdúgbò ní Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Èyí Tó Kù àti Èyí Tó Ti Lọ

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ "ilé ọtí", ohun tó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni orin tó ń dún kíkan, ẹran súyà, bíà tútù nini àti àwọn àga oníke tí wọ́n tò síta gbangba. Kì í ṣe irú èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní àwọn ìlú àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Bolton, Preston, Oldham àti Stalybridge, ilé ọtí àdúgbò jẹ́ ilé ní ti gidi. Ó ní ààrò iná nínú ògiri, ó ní kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, àwòrán àwọn àgbà àdúgbò tó ti kú wà lára ògiri, ẹni tó ń tọ́jú ilé náà sì sábà máa ń gbé lókè rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onílẹ̀ fi ń pè é, bí a bá tú u wò, kò ju "ilé gbogbo ayé" lọ.

Òfin kan tí ìjọba ṣe ní ọdún 1830 wà lára ohun tó jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Òfin náà gba ẹnikẹ́ni tó bá ń san owó ilé fún ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti san gínì méjì péré, kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó sì máa pọn bíà, kí ó máa tà á nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ òwú ń hù bí olú ní Lancashire. Wọ́n kọ́ ilé kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́, ilé tó so mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé ìparí rẹ̀, yàrá méjì nísàlẹ̀, yàrá méjì lókè, ọmọ rẹpẹtẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ wà nínú eruku òwú àti ariwo ẹ̀rọ, níbo ni yóò jókòó sí bí ilẹ̀ bá ṣú? Ilé ọtí tó wà ní igun òpópónà di pálọ̀ gbogbo wọn. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ń ra òwú láti Abẹ́òkúta, aṣọ tí wọ́n ń hun ní Lancashire sì ń kún ọjà Èkó.

Èmi kì í mu ọtí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìgò ọtí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà, bàbá mi a sì máa gba òdìkejì títì bí a bá ti ń sún mọ́ ilé ẹlẹ́mu. Nítorí náà, ó pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Bolton kí n tó mọ inú ilé ọtí kankan. Aládùúgbò mi ló mú mi wọ ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ilé iṣẹ́ òwú ló ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í, ìyàwó rẹ̀ sì ti dolóògbé. Ó ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé kí n máa pe òun ní orúkọ, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Bàbá" ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní "love", ohun tí wọ́n máa ń pe ẹnikẹ́ni ní àríwá, látorí ìyá ọlọ́jà dé orí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ má fún un ní ìtumọ̀ mìíràn.

Ilé ọtí tó wà ní igun òpópónà wa ni Bàbá ti ń jókòó fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, lórí àga kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn tí mo kó dé àdúgbò náà ni wọ́n tì í pa. Wọ́n kan pátákó mọ́ fèrèsé, wọ́n sì yọ àmì orúkọ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí agogo méje alẹ́ bá ti lù, n óò rí Bàbá tí yóò wọ kóòtù rẹ̀, yóò rìn dé igun náà, yóò dúró díẹ̀, yóò sì padà. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa rìn nítorí ẹsẹ̀ òun. N kò gbà á gbọ́, òun náà sì mọ̀ pé n kò gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, mo ní kí ó sọ fún mi, kí ni ó wà nínú ilé ọtí gan-an tí ènìyàn fi lè máa ṣe àárò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ó ní kò ṣeé sọ, pé kí n jẹ́ kí òun mú mi lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, a óò wọ bọ́ọ̀sì, òun pẹ̀lú káàdì àwọn àgbàlagbà tó ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, èmi pẹ̀lú owó mi.

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi lọ ni Ye Olde Man and Scythe, ní àárín ìlú Bolton. Wọ́n ní ilé ọtí ti wà lórí ilẹ̀ náà láti ọdún 1251; èyí tó dúró síbẹ̀ báyìí, ọdún 1636 ni wọ́n tún un kọ́. Àga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní James Stanley, Earl of Derby keje, jókòó lé kí wọ́n tó mú un jáde lọ bẹ́ orí rẹ̀ níwájú ilé náà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1651. Ó wà lára àwọn tó kó ogun wọ Bolton ní ọdún 1644, tí wọ́n pa àwọn ará ìlú nípakúpa, Bolton kò sì gbàgbé. Mo rò pé àwọn tó wà níbẹ̀ yóò máa fi ìtàn yìí yangàn fún àlejò. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Ọkùnrin méjì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, obìnrin kan ń ka ìwé ìròyìn, ajá kan sùn sábẹ́ tábìlì. Bàbá ra omi ọsàn fún mi, ó sì fi ojú sọ fún mi pé kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò dákẹ́ mọ́.

Kò sí agbọ́tí tí yóò wá bá ọ lórí ìjókòó. Ìwọ ni yóò lọ sí káńtà. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó ṣíwájú òun, ẹni tó bá sì ń ju owó sókè láti pe agbọ́tí ti sọ ara rẹ̀ di àlejò burúkú. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ẹnìkan kì í ra tirẹ̀ nìkan. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ra fún gbogbo yín. Bí ìyẹn bá tán, ẹnì kejì a dìde. Mo wo èyí títí, mo sì rí i pé èésú ni. Àjọ tí kò ní akápò, tí kò ní ìwé, tí a ń dá tí a sì ń kó láàárín wákàtí méjì. Ẹni tó bá kó tí kò dá, wọn kò ní bá a jà. Wọn kò kàn ní gbàgbé. Èmi tí mo ń mu omi ọsàn náà ní láti dìde lọ ra bíà fún àwọn àgbà. Mo rẹ́rìn-ín sínú nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ife bíà mẹ́ta dání, tí mo ń ronú irú ojú tí bàbá mi ì bá fi wò mí.

Bíà wọn pàápàá kì í ṣe èyí tí a mọ̀. Kò tutù nini. Inú àgbá ló wà, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ìtutù rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, ìwúkàrà inú rẹ̀ sì ṣì wà láàyè. Ọwọ́ ni agbọ́tí fi ń fà á gòkè láti inú àgbá náà. Àwọn ará àríwá tún máa ń fi ìdérí oníhò wínníwínní sẹ́nu ẹ̀rọ náà, kí bíà lè ní ìfófó funfun tó nípọn. Wọ́n ní ti àwọn ará gúúsù dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Bí wọ́n bá ti ṣí àgbá kan, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni adùn rẹ̀ mọ; lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ẹni tó bá mọ ẹmu yóò lóye èyí kíákíá: ohun tí adẹ́mu gbé dé láàárọ̀ kọ́ ni yóò wà nínú akèrègbè lálẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí ó wà lára ohun tó ń pa àwọn ilé náà.

Ní ọdún 1937, Tom Harrisson àti àwọn olùwádìí rẹ̀ wá sí Bolton láti máa wo ìgbé ayé àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni ń wo ìlú àjèjì. Mass-Observation ni ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́. Wọ́n ń jókòó nínú àwọn ilé ọtí ìlú náà, tó tó nǹkan bí 300 nígbà náà, wọ́n ń ka iye ìṣẹ́jú tí ọkùnrin kan fi ń mu ife kan tán, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀, The Pub and the People, jáde ní ọdún 1943. Wọ́n rí i pé, yàtọ̀ sí ilé ara wọn àti ibi iṣẹ́, kò sí ilé mìíràn tí àwọn ènìyàn ń lo àkókò tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn tó bá jọ jókòó máa ń mu ún dọ́gba-ń-dọ́gba, tí ife wọn yóò sì tán pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé gbogbo ayé yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé bákan náà. Yàrá kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin nìkan, tí wọ́n ti ń dúró mu, tí àwo ìtutọ́ sì wà nílẹ̀. Òmíràn wà tó ní àga tìmùtìmù, níbi tí obìnrin lè jókòó sí, bíà sì fi kọ́bọ̀ kan wọ́n jù níbẹ̀. Bàbá rántí èyí dáadáa. Ó ní ìyá òun kò tẹ ẹsẹ̀ sí yàrá àwọn ọkùnrin títí ó fi kú.

Ilé ọtí tó ti kú kì í pariwo pé òun ti kú. Ó yẹ kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń wò ó. Bàbá kọ́ mi. Wo ilé tó wà ní orígun, tí wọ́n gé etí rẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè kọjú sí òpópónà méjèèjì. Wo irin tó yọ jáde lókè tí kò gbé nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni àmì orúkọ ti máa ń fì. Wo ẹsẹ̀ ògiri: ilẹ̀kùn onípátákó méjì tó dùbúlẹ̀ gbalaja ni wọ́n ti ń yí àgbá sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wo ara gíláàsì fún orúkọ ilé iṣẹ́ ọtí tí kò pọn nǹkan kan mọ́ ní ìlú tí wọ́n ti bí i. Vaux ti Sunderland ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1999. Tetley ti Leeds, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1822, ti tirẹ̀ ní ọdún 2011. Ní òpópónà kan ṣoṣo, a ka ilé ọtí mẹ́fà tó ti lọ. Méjì ti di fílàtì, ọ̀kan ti di ilé ìtọ́jú ọmọdé, ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì, méjì tó kù ti di ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Bàbá dárúkọ ẹni tó ń tọ́jú ìkọ̀ọ̀kan wọn, ìyàwó rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó dárúkọ wọn bí ẹni ń ki oríkì.

Ní ọdún 2000, ilé ọtí tó wà ní gbogbo Bìrìtéènì lé díẹ̀ ní 60,000. Lónìí, kò ju nǹkan bí 45,000 lọ. Àwọn kan ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òfin ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2007, tó ka sìgá mímu nínú ilé léèwọ̀. Àwọn mìíràn ní súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń ta bíà ní owó pọ́ọ́kú, tàbí pé owó orí lórí ọtí ti pọ̀ jù. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ohun méjì ló wúwo jù lọ: pé ilé iṣẹ́ tó ń bọ́ àwọn òpópónà náà ti lọ, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ilé ọtí kọ́ ló ni ín. Láyé àtijọ́, ilé iṣẹ́ ọtí ló sábà máa ń ni ín, ó sì di dandan fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láti ra bíà lọ́wọ́ onílé, ní iye tí onílé bá pè é. Ní ọdún 1989, ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ ọtí tó bá ní ju 2,000 ilé ọtí lọ tú ìdajì èyí tó lé sílẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ra púpọ̀ nínú àwọn ilé náà kì í ṣe ará àdúgbò. Ilé iṣẹ́ ńláńlá tuntun ni wọ́n, owó èlé ni wọ́n fi rà wọ́n, wọn kì í sì í pọn ọtí rárá. Ilẹ̀ àti ilé ni òwò wọn. Nígbà tí gbèsè fún wọn lọ́rùn, ilé ọtí tó wà ní igun di ohun tí a lè tà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ fílàtì. Ẹ wá so ìyẹn pọ̀ mọ́ bíà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Bí oníbàárà bá dín kù, àgbá kì í tán kí ó tó kan. Bí ó bá kan, àwọn tó kù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Bàbá ní inú ife ni òun ti mọ̀ pé tiwa ń kú, ní odidi ọdún kan kí wọ́n tó kan pátákó mọ́ ọn.

Èmi ni mo ní kí a lọ sí Bamber Bridge, ní ìhà gúúsù Preston. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ye Olde Hob Inn, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Ní ọdún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé ní ìlú náà, aláwọ̀ dúdú sì ni wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà náà, dúdú àti funfun kì í jọ gbé. Àwọn ọ̀gá wọn fẹ́ kí àwọn ilé ọtí Bamber Bridge náà máa ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ nípa àwọ̀. Ìdáhùn tí àwọn onílé ọtí fún wọn ni pé wọ́n gbé pátákó síta: ọmọ ogun dúdú nìkan ni kí ó wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun dúdú ń mu bíà ní Hob Inn pẹ̀lú àwọn ará ìlú nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ológun aláwọ̀ funfun dé, tí wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn nítorí pé aṣọ rẹ̀ kò bófin mu. Àwọn ará ìlú gbè sẹ́yìn àwọn dúdú. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ìbọn, ìbọn sì dún títí di òru. Ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ William Crossland kú. Àwọn dúdú tí kóòtù ológun dá lẹ́bi ọ̀tẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín ìjìyà wọn kù lẹ́yìn náà. Láti ọdún 2022, ọgbà ìrántí kékeré kan ti wà ní òdìkejì ilé ọtí náà. A jókòó níbẹ̀ kí a tó wọlé. Bàbá, tí kò ju ọmọ ọwọ́ lọ ní ọdún 1943, ní Lancashire ni wọ́n bí òun, Lancashire ni òun ti dàgbà, kò sì sẹ́ni tó sọ ìtàn yìí fún òun rí ní ilé ẹ̀kọ́.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ọtí àríwá rí. Len Johnson kò ní gbà fún wa. Manchester ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1902. Atukọ̀ òkun láti Sierra Leone ni bàbá rẹ̀. Ó di abẹ̀ṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ le, ó na àwọn tó lórúkọ, ṣùgbọ́n òfin ẹ̀ṣẹ́ jíjà ilẹ̀ Bìrìtéènì ìgbà náà ní ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ funfun nìkan ló lè du àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Kò gbà á títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1953, ó wọ Old Abbey Taphouse ní Hulme, wọ́n sì kọ̀ láti ta ọtí fún un. Dípò kí ó fi ẹ̀ṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó lọ kó àwọn ènìyàn jọ. Olórí ìlú Manchester àti bíṣọ́ọ̀bù dá sí i, àwọn ènìyàn kún iwájú ilé ọtí náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ onílé ọtí yí ọkàn padà, wọ́n sì jọ mu ife kan pọ̀. Ọdún 1965 ni ìjọba tó ṣe òfin tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní gbangba.

Old Abbey Taphouse ṣì wà. Òpópónà tó yí i ká ni kò sí mọ́. Wọ́n wó ilé àwọn ará Hulme lulẹ̀, ọ́fíìsì onígíláàsì ló yí ilé kékeré náà ká báyìí, bí àgbà tó jókòó láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ra bíà fún Bàbá níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ san owó náà pẹ̀lú ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn rí.

Láti ibẹ̀, a rìn lọ sí Princess Road ní Moss Side láti wo ibi tí kò sí ohun tí a lè wò. Ibẹ̀ ni kíláàbù Reno wà, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Phil Magbotiwan ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ṣì ń tì mọ́ irú wọn lójú. Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ yẹn kò nílò ògbufọ̀: bí wọ́n bá ní o kò lè wọlé, má gbọ́ tiwọn. Wọ́n wó o ní ọdún 1987. Ní ọdún 2017, àwọn tó máa ń jó níbẹ̀ nígbà èwe wọn padà wá pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn, wọ́n sì hú ilẹ̀ ijó wọn jáde.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ èmi alómi-ọsàn nínú jù lọ wà ní Preston àti Rawtenstall. Preston ni Joseph Livesey, ọlọ́jà wàràkàṣì, àti àwọn ènìyàn mẹ́fà mìíràn ti fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1832 pé àwọn kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó kọ ọtí tàn káàkiri láti ibẹ̀. Irú ẹ̀mí yẹn ló dé Èkó pẹ̀lú àwọn oníwàásù. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti James Johnson bá òwò ọtí jìnnì jà kíkan kíkan nílẹ̀ wa. Mo gbà pé díẹ̀ nínú ẹ̀mí náà ló mú bàbá mi gba òdìkejì títì. Àwọn tó kọ ọtí náà kò fẹ́ pàdánù ìjókòó pọ̀, wọ́n sì dá ilé ọtí tí kò ní ọtí sílẹ̀. Fitzpatrick's ní Rawtenstall ṣì wà nínú wọn títí di òní: káńtà onígi, ìkòkò àti ìgò lára ògiri, omi dídùn tí wọ́n fi egbò àti ewé sè. Ó rán mi létí àgbo, àfi pé ó dùn. Bàbá tọ́ ọ wò, ó ní ó dára fún ikọ́, ó sì bi mí bóyá bọ́ọ̀sì ìpadà kò ní pẹ́.

Stalybridge, a kàn lọ rí i pé a lọ ni. Ìlú kékeré náà lókìkí pé òun ló ní ilé ọtí tí orúkọ rẹ̀ gùn jù àti èyí tí orúkọ rẹ̀ kúrú jù ní Bìrìtéènì. Lẹ́tà Q nìkan ni ìkejì ń jẹ́. Ilé ọtí inú ibùdó ọkọ̀ ojú irin wọn ló wù mí jù. Láti ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria ló ti wà níbẹ̀, ènìyàn sì lè jókòó ti ààrò iná kí ó máa gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ láìsí òun.

Nínú àwọn ilé ọtí tó ti kú tí mo mọ̀, ọ̀kan ti di ilé ìjọsìn àwọn ọmọ Nàìjíríà. Mo ti jọ́sìn níbẹ̀. Wọn kò yọ káńtà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ìrẹsì fún wa lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí mo fi ilé náà han Bàbá, àwọn akọrin ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ keji, ìlù ń dún. Ó dúró gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, ó ní ilé náà kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1975.

Àwọn mìíràn ni wọ́n rà padà. Ní Hesket Newmarket, abúlé kan ní Cumbria, àwọn ará ìlú dá owó jọ ra Old Crown ní ọdún 2003. Ní Salford, àwọn aládùúgbò Star Inn ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2009 nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í. Òfin kan ti wà láti ọdún 2011 tó jẹ́ kí ènìyàn 21 tó ń gbé àdúgbò kan lè kọ̀wé pé ilé kan ṣe pàtàkì sí wọn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbà, tí onílé sì fẹ́ tà á, wọ́n lè ní oṣù mẹ́fà láti wá owó. Onílé kò ní dandan láti tà á fún wọn, ṣùgbọ́n kò lè sáré tà á fún ẹlòmíràn ní oṣù mẹ́fà náà.

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní òpin òpópónà wa ló gbé ìwé náà káàkiri. Èmi ni ẹni kọkàndínlógún tó fọwọ́ sí i. Ẹni ogún ni ọkùnrin Mùsùlùmí tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé ọtí náà, ẹni kọkànlélógún ni ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ayé òun máa wo pátákó. Wọ́n ti gba ìwé wa báyìí, oṣù kejì nínú mẹ́fà ni a sì wà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n ń jiyàn lórí bí a ó ṣe máa kó owó jọ. Bàbá ní kí n ṣàlàyé èésú fún wọn, nítorí mo ti sọ fún un rí. Mo ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, pàápàá bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó kò ní sá lọ. Mo ní ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ ilé rẹ̀ ni a máa ń fún. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ní kí n máa gbà á.

Nítorí náà, ìwé àjọ wà lórí tábìlì mi báyìí, orúkọ mẹ́tàlélógójì wà nínú rẹ̀. Bàbá ni àkọ́kọ́. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń gbé tirẹ̀ wá, ní agogo méje, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́rùn, a sì máa jókòó díẹ̀ kí ó tó máa lọ.